Ẹ̀yìn Ilé Alágogo

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 2025, Sirajudeen gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan ní Ṣógúnlé, ó ru kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí bí ẹni ru ẹrù ọjà. Aṣọ àǹkárá ìyá rẹ̀ ni ó fi dì í. Ọyẹ́ ti fi eruku kun ìpéǹpéjú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti bẹ́, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Fàthíà ni ó kọ́kọ́ rí i, nítorí tábìlì tirẹ̀ ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n sọ ọ̀rẹ́ mi yìí kalẹ̀ sí?”

“Ṣé ó ti jẹun?” ni Fàthíà bi í.

“Kò tíì jẹ iná láti àná.”

Fàthíà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin náà rọra sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó tú àǹkárá náà, ó ká a sí mẹ́rin dáadáa kí ó tó nu ojú ara rẹ̀. Kíká tó ká aṣọ náà ni Fàthíà rántí nígbà tó délé.

Òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò ni ọ́fíìsì náà wà. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ kí Sirajudeen tó dé: Adétòkunbọ̀ tó ni iṣẹ́, Babáfẹ́mi tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó sì ń ṣe ìró, àti Fàthíà tó ń ya àwòrán. Géèmù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń jẹun láti ọdún 2013. Orúkọ rẹ̀ ni Ilé Alágogo.

Nínú géèmù náà, ọmọbìnrin kan tó gbé fìtílà lọ́wọ́ ń rìn nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí agogo bá dún lókè, kí ó yáa sá pamọ́, nítorí Ìyá Òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ìyá Òkè wọ léèsì funfun, kò sì ní ojú. Apá mẹ́rin ló ti jáde. Àwọn tó fi í ṣeré nígbà tí wọ́n wà ní girama ti di òbí, síbẹ̀ bí agogo yẹn bá dún lórí fóònù ẹnì kan nínú bọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn á bojú wẹ̀yìn.

Fàthíà ló ya gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé alẹ́ ló sì ń lọ ní Ìsọlọ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ni gbogbo àwòrán náà, bí ẹni ń wo fọ́tò. Adétòkunbọ̀ ti pinnu pé apá karùn-ún máa jẹ́ 3D: ilé tí èèyàn lè wọ̀, kí ó yí ojú sí ọ̀tún, kí ó yí i sí òsì, kí ó lọ wo ẹ̀yìn. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ra ohun pẹlẹbẹ mọ́. Bí apá karùn-ún kò bá jáde kí ọdún tó parí, òun máa ti ilẹ̀kùn, kí kálukú wá ibòmíràn lọ. Sirajudeen ni ó gbà síṣẹ́ láti kọ́ ilé náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní gan-an ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí.

“Àǹtí Fàthíà, kí ló wà lẹ́yìn ilé yìí?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Ilé tí kò ní ẹ̀yìn kẹ̀?”

“Nínú géèmù tèmi, kò sẹ́ni tó ń dé ẹ̀yìn.”

“Nínú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sá sí.”

Fàthíà yí ojú padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilé náà. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ iwájú lọ, nítorí ẹ̀yìn náà ni ó gbé.

Ilé náà wà ní tòótọ́, ní Kémta, ní Abẹ́òkúta. Alhaji Sàláúdéènì, oníṣòwò aṣọ, ló kọ́ ọ. Bàbá Fàthíà ni dẹ́rẹ́bà Alhaji, ó sì kú sí ọ̀nà Ṣàgámù nígbà tí Fàthíà wà ní ọmọ ọdún méjì. Alhaja, ìyàwó Alhaji, ní kí ìyá Fàthíà, Ìsíátù, má lọ, kí ó dúró máa ṣe iṣẹ́ ilé. Yàrá kan ni wọ́n fún wọn lẹ́yìn, láàárín ilé ìdáná àti ilé adìyẹ. Fèrèsé kan ló ní, pátákó ni wọ́n sì fi dí i. Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń gba igun ọ̀tún wọlé, wọ́n á gbé ẹní wọn lọ sí igun òsì. Alhaja ní agogo idẹ kékeré kan lókè. Bí ó bá ti lù ú, Ìsíátù gbọ́dọ̀ dìde, bí òkèlè bá tilẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kó wá sí Èkó.

Nílé ìwé, Fàthíà máa ń na ọwọ́ sí iwájú ilé náà, á ní, “Ilé wa nìyẹn.” Kò parọ́ tán, kò sì sọ òtítọ́ tán. Ohun kan náà ló sọ fún Adétòkunbọ̀ ní ọjọ́ tó gbà á síṣẹ́. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ti bi í níbi tó ti rí ilé inú géèmù náà: ilé ìdílé àwọn ni.

Bí Sirajudeen bá fẹ́ kọ́ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ṣe ló máa ń yí i po pẹ̀lú fóònù, á ya fọ́tò rẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á kó gbogbo fọ́tò náà jọ, á sọ wọ́n di ohun kan ṣoṣo tó ṣeé yí. Ó ti ya kẹ́tùlù. Ó ti ya àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ti ya àkàbà àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò, tí wọ́n fi ń bi í bóyá ó fẹ́ tà á.

“Máa rọra o,” ni Babáfẹ́mi wí. “Ọjọ́ kan lo máa yí ọmọ ọlọ́mọ po.”

“Èyí tí mo fẹ́ yí po kò jẹ́ kí n rí ju iwájú lọ,” ni Sirajudeen dáhùn.

Fàthíà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná.

Ní ọ̀sán, wọ́n jọ máa ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lórí àtẹ̀gùn, nítorí ooru jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí ọ́fíìsì ṣeé jókòó sí. Sirajudeen máa ń fi inú búrẹ́dì tó rọ̀ sílẹ̀ fún un, ó ní èèpo líle ni eyín òun fẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Fàthíà tó rí i níbòmíràn tó ń jẹ inú, tó ń ṣá èèpo tì. Kò sọ fún un pé òun rí i. Nígbà tí oṣù kejì fi ń parí, “ẹ” ti kúrò lẹ́nu wọn, “o” ti gba ipò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Oṣù kẹta bọ́ sí oṣù àwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá àwẹ̀, Babáfẹ́mi parí ìró agogo. Tẹ́lẹ̀, inú fóònù lásán ni agogo náà ti ń dún. Ní báyìí, ó ń dún láti ibi tó wà nínú ilé.

“Fàthíà, wá gbọ́ ọ,” ni Sirajudeen wí. Ó fi íápíìsì sí i létí. Wọ́n mú ọmọbìnrin inú géèmù náà dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Agogo náà dún lókè, láti ẹ̀yìn èjìká òsì, ibi tí yàrá Alhaja wà gan-an fún ẹni tó bá jókòó sí ilé ìdáná.

Ẹsẹ̀ Fàthíà ti gbé e dìde kí ó tó mọ̀. “Mo ń bọ̀ mà,” ni ẹnu rẹ̀ sọ.

Babáfẹ́mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwẹ̀ ti mú un. Sirajudeen kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ íápíìsì náà lẹ́tí rẹ̀, ó sì pa ìró. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣínu, ó gbé dàbínù mẹ́ta síwájú rẹ̀ lórí bébà.

“Ta ni ‘mà’ yẹn?”

“Jọ̀ọ́, má bi mí.”

“Mi ò bi ọ́ mọ́. Jẹ dàbínù rẹ.”

Ọjọ́ yẹn ni Fàthíà mọ̀ pé òun máa fẹ́ ọkùnrin yìí bí ó bá lè rí òun tán, tí kò sì kúrò.

Ọjọ́ kẹta ọdún ìtúnu ni Sirajudeen mú un lọ kí ìyá rẹ̀. Bàṣírátù ni orúkọ ìyá náà, ará Ìsẹ́yìn ni, ìkòkò àti abọ́ ló ń tà ní Èjìgbò. Fàthíà kúnlẹ̀ kí i láàárín àwọn ìkòkò.

“Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lò ń ya iwin tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ àdúgbò wa?”

“Èmi ni mà. Ẹ má bínú mà.”

“Ta ló ń bínú? Kí ilẹ̀ tó ṣú báyìí, gbogbo wọn ti wọlé. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ ẹ.” Ó bu ẹran ọdún fún un. “Ọmọ ta ni ọ́ ní Abẹ́òkúta?”

“Ilé Alhaji Sàláúdéènì, ní Kémta mà.”

“Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú géèmù yẹn gan-an?”

Ẹran náà wà lọ́wọ́ Fàthíà. “Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí wa. Àwa kì í gbé ìyàwó láì lọ wádìí ilé rẹ̀. Àbúrò bàbá Siraju máa lọ kí àwọn èèyàn ẹ.”

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Fàthíà mọ́. Bí ẹbí Sirajudeen bá lọ wádìí ní Kémta, wọn ò ní bá ọmọ Alhaji kankan tó ń jẹ́ Fàthíà. Wọ́n á bá ìtàn obìnrin tó ń dìde fún agogo. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún Sirajudeen fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ nígbà méjì ní ibùdókọ̀ Ailegun, ó sì gbé e mì nígbà méjèèjì. Ó ní òun máa sọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin.

Ṣùgbọ́n Sirajudeen ti lọ sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Iṣẹ́ ló há sí i lọ́rùn: gbogbo ilé náà ti parí, ẹ̀yìn nìkan ló kù, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì fẹ́ yà á. Ó rò pé ó ti rẹ Fàthíà ni, pé bí òun bá bá a ṣe é, inú rẹ̀ á dùn. Ìyá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ilé náà ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ya fọ́tò igba ó lé méjìlá.

Ní ọjọ́ Ajé náà, kí Fàthíà tó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, Sirajudeen ti pe gbogbo wọn jọ.

“Ẹ wá wò ó. Ẹ̀yìn ilé.”

Ó yí i sí wọn lójú. Ilé ìdáná tí èéfín ti sọ dúdú. Ilé adìyẹ. Láàárín méjèèjì, yàrá kan tí wọ́n fi pátákó dí fèrèsé rẹ̀. Sirajudeen tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sì wọ yàrá náà. Lára ògiri, èédú ni wọ́n fi kọ ọ́: FATHIA, PRIMARY 4. Lábẹ́ orúkọ náà, àwòrán obìnrin kan wà, tó wọ aṣọ gígùn, tó mú agogo lọ́wọ́. Kò ní ojú.

“Ìyá Òkè àkọ́kọ́ rèé,” ni Sirajudeen wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. Ó rò pé ibi tí ọmọ onílé ti ń ṣeré ni.

Babáfẹ́mi sún mọ́ ọn. “Yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ nìyí? Kí lò ń wá níbẹ̀, ìwọ ọmọ Alhaji?”

Nísàlẹ̀, wọ́n ń fi òòlù kan ìjókòó mọ́tò. Sirajudeen wo ojú Fàthíà, ìgbà náà ló tó yé e.

“Ta ló rán ọ?” ni Fàthíà bi í.

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Wọ́n ní wọ́n máa wádìí mi. Ìwọ lo wá lọ.”

“Fàthíà, iṣẹ́ ni mo lọ ṣe.”

“O yí mi po,” ni ó wí. “O yí mi po bíi kẹ́tùlù.”

Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi dé ibi iṣẹ́. Adétòkunbọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kò sí apá karùn-ún bí kò bá padà. Babáfẹ́mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó ní ẹnu òun ló ṣe òun. Sirajudeen pè títí, kò gbé e. Ní ọjọ́ kẹwàá, Fàthíà jáde lọ ra òwú fún ìyá rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì aṣọ ní Ailegun. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀.

“Rárá, rárá, sún un. Ọlọ ò sí níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà.”

“Báyìí mà?”

“Sún un díẹ̀ sí i. Bí mo bá jókòó tì í, mo gbọ́dọ̀ lè rí ọmọ mi nínú yàrá.”

Ìsíátù jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù, ó di máòsì mú bí ẹni di ọmọ adìyẹ mú. Sirajudeen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Fàthíà, wá wo ilé ìdáná mi,” ni ìyá náà wí láì yíjú. “Ó ku ọlọ àti àdògán.”

“Màámi, ẹ̀yin lẹ pè é?”

“Ó wá bẹ̀ mí. Mo ní kí ló ṣe? Ó fi hàn mí. Mo ní ṣé nítorí èyí ni ọmọ mi ò ṣe jẹun láti ọjọ́ yìí?” Ó yíjú sí i wàyí. “Ojú ń tì ẹ́ ni?”

Fàthíà gbé òwú náà sílẹ̀.

“Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ẹ. Ojú ò tì mí. Ẹni tó ń lu agogo ni kí ojú ó tì.” Ó tẹ bọ́tìnnì, ó wọ yàrá náà, ó dúró síwájú àwòrán èédú. “Ta wá lèyí?”

“Alhaja ni mà.”

Ìyá náà wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti inú. “O ò wá ya imú wọn. Imú yẹn. Imú yẹn á máa kọ́kọ́ wọlé kí Alhaja tó wọlé.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi etí ìró nù ún. Fàthíà jókòó tì í nílẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Fàthíà sin Sirajudeen dé ìta.

“Ó yẹ kí n bi ọ́ kí n tó lọ,” ni Sirajudeen wí.

“O bi mí. Mo ní kò sí nǹkan kan.”

“Ìyá mi ò rán mi, Fàthíà.”

“Mo mọ̀ báyìí.”

“Kí la máa sọ fún wọn?”

“Èmi ni mo máa sọ ọ́. Má tẹ̀ lé mi.”

Ọjọ́ Àìkú ló lọ sí Èjìgbò. Bàṣírátù ń to ìkòkò, kò sì dáwọ́ dúró títí Fàthíà fi sọ ọ́ tán.

“Mo ti pe gbogbo ẹbí ní Ìsẹ́yìn,” ni ó wí. “Mo ní ọmọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Siraju fẹ́ gbé.”

“Mo mọ̀ mà.”

“Èmi gan-an, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Yàrá kọ́ ló dùn mí. O wò mí lójú, o sì jẹ ẹran mi lórí irọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà.”

“Máa lọ sílé.”

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá láìsí ọ̀rọ̀. Fàthíà ti padà síbi iṣẹ́. Ó ń ya ẹ̀yìn ilé fúnra rẹ̀ nísinsìnyí, Sirajudeen sì ń kọ́ ọ bó ṣe ń yà á. Wọ́n yí ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà padà: inú yàrá ẹ̀yìn ni ọmọbìnrin náà ti máa jí, ibẹ̀ ló ti máa tan fìtílà rẹ̀, kí agogo tó dún. Ìyá Òkè ní imú. Sirajudeen kì í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, Fàthíà kì í béèrè. Ó ṣì ń fi inú búrẹ́dì sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Sirajudeen gun àtẹ̀gùn wọlé, ó tún ru nǹkan sórí, àǹkárá kan náà ni ó sì fi dì í. Ìkòkò ńlá kan ni, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

“Ìyá mi ní kí n gbé e fún ìyá ìyàwó àwọn. Wọ́n ní ẹni tó dáná fún ilé onílé fún ọdún mẹ́tàlá, ó tó kí ó ní ìkòkò tirẹ̀.”

Fàthíà ṣí ìdérí náà, ó tún dé e. “Àwọn ará Ìsẹ́yìn ńkọ́?” ni ó bi í.

“Ìyá mi ti tún pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ṣì í sọ tẹ́lẹ̀, ọmọ Ìsíátù ni.”

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n parí apá karùn-ún. Adétòkunbọ̀ ra mọ́ínmọ́ín fún gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Sirajudeen àti Fàthíà mú búrẹ́dì jókòó sórí àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ti máa ń jẹun.

“Mo ti yí ilé náà po tán,” ni Sirajudeen wí. “Ìwọ ló kù.”

“Ṣé fọ́tò ọgọ́rùn-ún náà ni?”

“Iye tó bá gbà. Mi ò kánjú.”

“O ti rí ibi tó burú jù.”

“Ibi tó dára jù ni mo rí. Ṣé wàá fẹ́ mi, Fàthíà?”

Fàthíà ya búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún un ní inú tó rọ̀, ó sì mú èèpo. “Màá fẹ́ ọ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n láti òní lọ, yéé parọ́ eyín fún mi.”

Wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ṣógúnlé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá. Ìkòkò Bàṣírátù ni wọ́n fi se ìrẹsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, wọ́n mú Ìsíátù lọ sí Kémta, nítorí ó ní òun fẹ́ wọ yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun sì jáde nígbà tó bá wu òun, láìsí agogo.

Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n bá. Àwọn ọmọ Alhaji ti ta ilé náà, ẹni tó rà á sì ti fi kátapílà wó o ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá. Àwòrán àkọ́kọ́ tí Fàthíà yà nínú ayé rẹ̀ wà lára ògiri yẹn. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà. Ògiri náà kò sí mọ́.